Bí A Ṣe Lè Gun Àpáta Láìjẹ́ Kí Ẹ̀rù Gba Agbára Ọwọ́ Wa

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tí ẹ máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìdànrè lópin ọ̀sẹ̀, kì í ṣe àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta tó wà níbẹ̀ ni ìmọ̀ràn yìí dá lé, nítorí ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ti le yóò dé òkè rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ojú àpáta gan-an, níbi tí a ti so okùn mọ́ ìbàdí, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì ń wá ibi tí wọn yóò dì mú, ni ẹ̀rù ti máa ń ba iṣẹ́ ẹni jẹ́. (Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú òkè kí ẹ tó so okùn kankan mọ́ ọn.)

Bí àyà bá ti ń já, ọwọ́ á máa fún àpáta ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣan tó wà láàárín ọrùn-ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ á le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, ọwọ́ á sì ti rẹ̀ kí a tó dé ibi tó ṣòro. Nínú ìwádìí kan tí J. R. Pijpers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands gbé jáde lọ́dún 2003, wọ́n ní kí àwọn èèyàn gun ògiri níbi tó súnmọ́ ilẹ̀ àti níbi tó ga, pẹ̀lú àwọn ibi ìdìmú tí wọ́n tò bákan náà. Ní òkè, ọkàn wọn ń lù kíkankíkan, ó rẹ̀ wọ́n jù, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó parí.

Nítorí náà, ilẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àpáta kékeré tí ẹ bá rí láyìíká Òṣogbo ti tó, bí kò bá ti sí nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí kì í ṣe ibi eré. Ẹ máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ lára rẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má ga kúrò nílẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi gbogbo agbára di etí àpáta mú, kí ẹ wá máa dẹ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìka yóò fi fẹ́ yọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìwọ̀nba agbára kún un. Ìwọ̀n yẹn ni ọwọ́ nílò, yóò sì yà yín lẹ́nu bó ṣe kéré tó. Ẹ ṣe é títí yóò fi mọ́ yín lára.

Bí ẹ̀rù bá dé nígbà tí ẹ wà lókè, ẹ wá ibi tí ẹsẹ̀ ti lè dúró dáadáa, ẹ na apá dípò kí ẹ ká a, kí ẹ sì jẹ́ kí mímí síta pẹ́ ju mímí sínú lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, nítorí ọwọ́ nìkan ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń wò. Bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n rìrì, ẹ tẹ gìgísẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìpayà ló ń wá nítorí pé a kò fọkàn tán okùn. Adẹ́mu tó wà lórí ọ̀pẹ ti fara ti igbà rẹ̀ pátápátá kí ọwọ́ rẹ̀ tó ráyè fún akèrègbè. Ẹ kọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú okùn tí a ti so mọ́ òkè: ẹ kọ́kọ́ jókòó lé okùn, lọ́jọ́ mìíràn, ẹ sọ fún ẹni tó ń di okùn mú, kí ẹ tó jọ̀wọ́ ọwọ́ sílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ kí a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ já bọ́ láti ibi gíga lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé a fẹ́ lé ẹ̀rù rẹ̀ lọ; ńṣe ni irú rẹ̀ ń dá kún ẹ̀rù.

Ẹ̀rù kan wà tí a kì í lé. Bí ẹnìkejì kò bá tíì yẹ kókó okùn yín wò, tí akoto kò sí lórí yín, tàbí tí òjò ti mú kí àpáta máa yọ̀, ẹ má gòkè. Bí ẹ bá sì ti wà lókè, ẹ ní kí wọ́n sọ̀ yín kalẹ̀.