Ibo Ni Ohùn Rédíò Yín Ń Dé? Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Wò Ó Látilé Àti Látoko

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní rédíò hàm nílé, ìyẹn rédíò táwọn èèyàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń so ó mọ́ bẹ́líìtì lọ sóko, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé "ṣé ohùn mi ń jìnnà báyìí?" Rédíò tó wà lọ́wọ́ yín ò lè dáhùn ìyẹn o. Iná pupa tó máa ń tàn tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ohun tó ń sọ ò ju pé rédíò ti ń ránṣẹ́ lọ, wáyà áńtẹ́nà lè ti já lẹ́yìnkùlé kí iná yẹn ṣì máa tàn. Etí ẹlòmíì la máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ rí i pé láísẹ́ńsì wà nílẹ̀ o, tiyín àti tẹni tẹ́ ẹ jọ fẹ́ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì máa pe call sign yín, orúkọ onílẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fún rédíò yín, 5N ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀, TY ni ti Benin, 5V ni ti Tógò. Rédíò hàm ò sì wà fún òwò, ẹ má fi dúnàádúrà iṣu.

Ká ti tòsí bẹ̀rẹ̀. Rédíò àfọwọ́gbé ti 144 sí 146 MHz, ọ̀nà tààrà ni ohùn ẹ̀ ń gbà, òkè lè dí i, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ náà á sì dí i tó bá jìnnà. Ẹ wá square root gíga áńtẹ́nà yín ní mítà, kẹ́ ẹ fi 4.12 sọ ọ́ dìpúpọ̀, ohun tó bá jáde ni iye kìlómítà tiyín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tẹnì kejì, kẹ́ ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gbé rédíò sẹ́nu, ká ní mítà 1.5 látilẹ̀, tiẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 5, ẹnì kejì náà 5, ó di 10. Tẹ́ ẹ bá wá gbé áńtẹ́nà ilé sórí ọ̀pá tó ga ní mítà 9, á di bíi 17. Ìṣirò ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ nìyẹn ṣá o, nínú oko kòkó lẹ́yìn òjò, tí ewé ṣì ń kán tótó, tẹ́ ẹ bá rí ìlàjì ẹ̀ gbà kẹ́ ẹ dúpẹ́.

Torí náà ẹ lọ dán an wò. Kẹ́nì kan jókòó sílé pẹ̀lú bírò àti ìwé, kẹ́nì kejì gun ọ̀kadà lọ, kó máa dúró níbi tó lórúkọ, ìdí ìrókò, afárá, ilé ẹ̀rọ gàrí, kó sọ ibi tó wà. Àmọ́ ẹ má ṣe bi ara yín pé "ṣé o gbọ́ mi?" Àwa Yorùbá, a ò fẹ́ kó sú ẹnìkejì wa, "mo gbọ́ yín dáadáa sà" la máa sọ kódà tó bá jẹ́ ariwo ṣùù nìkan la gbọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin tẹ́nì kejì ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, ká sọ pé 7-2-9-4, kó pè é padà. Tó bá pé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá kù kan, ẹ kọ iye tó gbọ́.

Nígbà tí mo ṣe tèmi, a dáa títí dé orí òkè, bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ sétí odò báyìí, ó dákẹ́ bíi pé wọ́n paná, a gun òkè kejì, ohùn tún padà. Ẹni tó ń bá mi ṣe é ní ká ra rédíò tí páwà ẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, mo ní rárá. Kí S kan tó lè kún un lójú S meter, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí ohùn ṣe lágbára tó hàn lójú rédíò ẹni tó ń gbọ́, páwà ìlọ́po 4 ló gbà, kẹ́ ẹ kúrò ní 5 wáàtì lọ sí 20, S kan péré lẹ rí yẹn, bátìrì á sì ti kú kẹ́ ẹ tó dé oko. Ọ̀pá ọparun la rì mọ́lẹ̀ nílé, a gbé áńtẹ́nà sórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ etí odò sì parí.

Tọ̀nà jíjìn wá yàtọ̀, torí HF, ìyẹn irú 7 MHz àti 14 MHz, máa ń lọ sójú ọ̀run kó tó padà wálẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni WebSDR, rédíò tó wà nílẹ̀ òkèèrè tẹ́ ẹ lè fi fóònù gbọ́. Yunifásítì Twente ní ìlú Enschede, ní Nẹ́dálándì, ní ọ̀kan, láti Ìbàdàn sí ibẹ̀ á tó kìlómítà 5,000. Ẹ gbé e sórí 14 MHz tẹ́ ẹ wà, ẹ wá àyè tí kò sẹ́nì kankan, ẹ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí, ohùn yín á pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá bá yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ara mi, ṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín, ohùn mi dà bí ẹni tó wà nínú kòtò.

Tẹ́ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ lo WSPR, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi rédíò yín rán ìsọfúnni kékeré, iṣẹ́ ọwọ́ Joe Taylor, onímọ̀ físíìsì tó gba Nobel lọ́dún 1993, tó gbé e jáde lọ́dún 2008. Call sign, àdúgbò yín àti iye páwà nìkan ló ń rán, fún bíi ìṣẹ́jú kan àti àádọ́ta sẹ́kọ́ńdì, 200 milliwatt, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì kan, sì lè sọdá òkun. Àdúgbò yẹn ní kóòdù: JJ17 ni Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, JJ16 ni Èkó, JJ27 ni Òṣogbo àti Àkúrẹ́, JJ28 ni Ìlọrin. Àwọn tó bá gbọ́ yín, kọ̀ǹpútà wọn fúnra ẹ̀ ló máa kọ ọ́ sórí WSPRnet, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní máàpù, kò séyìí tó máa ní "mo gbọ́ yín sà" láìgbọ́.

Àgògo ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ìṣẹ́jú tí nọ́ńbà ẹ̀ ṣeé pín sí méjì ló ń bẹ̀rẹ̀, 00, 02, 04, tí àgògo kọ̀ǹpútà bá sì fi ju sẹ́kọ́ńdì bíi 2 yàtọ̀, ẹ ń fi bátìrì ṣòfò ni. Mo jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ alẹ́ wá, ẹyọ kan ò gbọ́ mi, mo ti ń tú wáyà kiri, àṣé àgògo láptọ́ọ̀pù mi ló fi sẹ́kọ́ńdì 4 kẹ́yìn. Mo tún un ṣe, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnì kan ní Erékùṣù Canary ti kọ mí sílẹ̀.

Tí máàpù bá wá fi hàn pé wọ́n ń gbọ́ yín ní Spain tẹ́nikẹ́ni ò sì gbọ́ yín ní Ìlọrin, rédíò ò bàjẹ́. Lórí 14 MHz, ohùn ń fo orí àwọn tó wà nítòsí kọjá ni. Tará Ìlọrin lẹ bá ń wá, ẹ lọ sí 7 MHz lọ́sàn-án, pẹ̀lú wáyà mítà 20 tẹ́ ẹ dá sí méjì láàárín, kó má ga jù, bíi mítà 4 tàbí 5 tó, kó sì jìnnà sí wáyà NẸ́PÀ. Ẹ dán an wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, páwà kan náà, wáyà kan náà, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé. Tójò bá ti ṣú, ẹ yọ wáyà lẹ́yìn rédíò kẹ́ ẹ gbé e síta, kẹ́ ẹ kọ "òjò" síwájú ọjọ́ yẹn.