Títọ́jú Òjòlá Nílé Lásìkò Ọyẹ́

Òjòlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Boa constrictor lè lo ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà á láìsí ìwé àṣẹ, nítorí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, de kíkó o láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ má sì mú erè inú oko wálé rọ́pò rẹ̀: erè tiwa ń yé ẹyin, òjòlá yìí ń bí ọmọ láàyè, aràn àti eégbọn sì máa ń pọ̀ lára ejò tí a mú nínú igbó.

Àpótí pákó tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, tí ìbú àti gíga rẹ̀ tó 60, ló tó fún èyí tó ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí ìdérí rẹ̀ ní ìkọ́ tó le. Kí apá kan gbóná tó ìwọ̀n 31 sí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èkejì wà láàárín 25 sí 27, kí ibi ìfarapamọ́ sì wà lápá méjèèjì. Ẹ má gbé e sínú yàrá onípáànù tí kò ní sílíìn, nítorí oòrùn oṣù kẹta lè pa á níbẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, eku tí a ti pa, tí kò tóbi ju ibi tí ara ejò náà ti nípọn jù lọ, tó fún un. Àgbà lè jẹ ẹyọ kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má gbé e fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó bá jẹun.

Ọyẹ́ gan-an ló ń dà wá láàmú ní Kàbà àti káàkiri ilẹ̀ Okun. Ọ̀rinrin ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá òjòlá lára mu, ṣùgbọ́n lásìkò yìí afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè àwa fúnra wa ń là. Ẹ gbé abọ́ omi tó fẹ̀ sínú àpótí, kí ẹ wọ́n omi sí apá kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ tutù, torí ikùn ejò a máa dégbò. Tí iná bá lọ lóru, ẹ fi aṣọ wé ike omi gbígbóná, kí ẹ gbé e sí ìta ẹ̀gbẹ́ àpótí náà.

Ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ funfun bí omi ògì kó tó bọ́ awọ. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi sin tèmi, n kò wọ́n omi. Awọ náà já wẹ́wẹ́, ó sì fún ṣóńṣó ìrù rẹ̀ bí òrùka. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jìn ni mo fi rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, tí mo dúró tì í, kí n tó fi aṣọ tútù yí i kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ yẹ awọ tó bọ́ wò dáadáa: ó yẹ kí ẹ rí ìbòjú roboto méjì níbi orí rẹ̀, tó mọ́ gaara bíi ràbà. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sójú ejò náà, ẹ má fi èékánná yọ ọ́. Ẹ fi kún ọ̀rinrin àpótí, kí ẹ dúró de ìgbà tí yóò tún bọ́ awọ, tí kò bá sì kúrò nígbà náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.