Àpò sìmẹ́ǹtì 19 fún iṣẹ́ àpò 5

Inú ṣì ń bí mi o. Sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́wàá ló wà lẹ́yìnkùlé mi báyìí tí òjò ti sọ di òkúta, owó mi sì ni gbogbo ẹ̀. Bíríkìlà tó da kọnkéré ìdí táǹkì omi wa ló ní ká ra 19. Ìdí táǹkì náà rí rìbìtì, fíìtì 8 láti etí dé etí, ó nípọn íǹṣì 6. "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ṣírò ẹ." Mo gbà, ta ló fẹ́ máa bá oníṣẹ́ jiyàn. Wọ́n dà á tán, àpò 5 péré ni wọ́n lò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ọmọ mi tó wà ní JSS 2. Ti rìbìtì ò le: láti àárín dé etí jẹ́ 4, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 16 lọ́nà 3.142 jẹ́ 50.27.

Ibi nínípọn ẹ̀ ni mo há sí. Mo fi 6 lọ́po 50.27, fóònù gbé 301.6 wá, mo tún un tẹ̀, 301.6. Kọnkéré one-two-four (sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin) máa ń gba bí àpò mẹ́fà ààbọ̀ fún kúbíìkì mítà kan, kúbíìkì fíìtì 35.3 ló sì wà nínú mítà yẹn, àfi bí mo ṣe rí àpò 55 àti ààbọ̀! Ṣé bíríkìlà yìí tiẹ̀ ṣàánú mi ni? Mo mú tọ́ọ̀ṣì jáde, mo fi okùn yí ìdí táǹkì po, ó jẹ́ fíìtì 25 àti díẹ̀, mo fi 3.142 pín in, 8 náà ni. Wọ́n ti mú iná lọ, ẹ̀fọn ń jẹ mí, mo ti fẹ́ pe ọkùnrin yẹn kí n bẹ̀ ẹ́, ni ọmọ mi bá yọjú: "Dádì, ṣé kọnkéré yẹn ga tó fíìtì 6 ni?"

Íǹṣì ni o! Íǹṣì 12 ló wà nínú fíìtì kan, 6 jẹ́ ìdajì. 50.27 lọ́nà 0.5 jẹ́ 25 àti díẹ̀, àpò 5 ò tiẹ̀ pé. Mo wá fi 8 sí ibi tó yẹ kí 4 wà, ló bá di 100.5, àpò 19 géérégé! Kò pín 8 sí méjì, ìyẹn ló sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Kí òjò tó dé mo sáré fi díẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mọ́tò ń gùn wọ géètì. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rí bí igun mẹ́ta, ó gùn ní fíìtì 4, ó ga ní 1, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 2, ó fẹ̀ ní 10, ó di 20. Mo ní àpò 4, àpò 4 náà ló gbà, èmi fúnra mi ni mo ṣírò ẹ o!

Ẹni tó ta sìmẹ́ǹtì ní òun kì í gbà á padà. Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, 6 ni mi ò bá kọ́kọ́ rà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò kúkú jìnnà. Bíríkìlà ńkọ́? Mo pè é, ó rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ó kúkú sàn kó ṣẹ́ kù ju kó dín lọ." Mo gé fóònù mọ́ ọn létí.