Bí mo ṣe tún wáyà iná Bedford bàbá mi ṣe

Bedford, ọkọ̀ akẹ́rù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí bàbá mi fi ń kó kòkó wálé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ogún tó kàn mí. Ó ṣì ń gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìráhùn. Iná rẹ̀ ló ń bá mi jà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ti oko bọ̀ lójú ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, òórùn rọ́bà tó ń jó gbá mi nímú, èéfín rú jáde lábẹ́ dáṣíbọ́dù, iná méjèèjì sì kú. Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù níwájú, èmi ń wọ́ tẹ̀lé e bí ọkọ̀ tó gbé pósí.

Ilẹ̀ mọ́, mo tú súwíìṣì iná. Rewáyà tó ṣe é kẹ́yìn ti fi wáyà ilé sí i, èyí tó le gbagidi, tí ọ̀pá kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Inú ògiri ni irú wáyà yẹn ń gbé, ògiri kì í sì í gbọ̀n. Bedford a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wáyà náà ti sán lọ́rùn níbi tí síkúrúù ti dè é, ó wá ń fẹnu lásán kan ẹsẹ̀ súwíìṣì. Ibẹ̀ ni ooru ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí fíúsì kankan!

Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Orí tí okùn rẹ̀ lọ sára bọ́dì ni kí ẹ tú, torí bí sípánà bá ṣèèṣì kan irin nígbà tí ẹ ń tú u, kò ní tanná. Ẹ wo ó dáadáa o: nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ mìíràn, pọ́sítíìfù ló wà lára bọ́dì.

Kí ẹ tó yọ wáyà kankan, ẹ fi pílásítà àti báírò sàmì sí i. Nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, búráwùn ló ń mú iná wọlé láti bátìrì, búlúù ń lọ sí iná ńlá, pupa ń lọ sí páàkì àti iná ẹ̀yìn, dúdú ń lọ sára bọ́dì. Gbogbo tèmi ti di àwọ̀ eruku. Ọṣẹ àti àkísà ni mo fi nù ún kí búlúù tó yọjú.

Ẹ fi tẹ́sítà yẹ súwíìṣì wò. Bí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ búráwùn àti pupa gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ẹ bá tún un fà, búlúù á dara pọ̀. Tèmi kò bàjẹ́, ó kàn dípẹtà ni. Sánpépà yanjú ẹ̀.

Wáyà ọkọ̀ tó rọ̀, tó ní ọ̀pọ̀ fọ́nrán, ni kí ẹ rà. Mo lo wáyà 2.5 mm² fún iná ńlá, 1.5 mm² fún ìyókù. Níbi tí wáyà ti gba ihò irin kọjá sídìí ẹ́ńjìnnì, mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e.

Iná ńlá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60 lórí bátìrì 12 fóòtì ń fa áḿpù 10. Ẹ má jẹ́ kí súwíìṣì arúgbó rù ú. Ẹ ra rìlé, ìyẹn súwíìṣì kékeré tí iná díẹ̀ ń ṣí kí iná púpọ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá; nọ́ńbà wà lára àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹsẹ̀ 30 láti bátìrì, kí fíúsì 15 wà lójú ọ̀nà, 87 sí súwíìṣì tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti tẹ iná ba, 86 gba búlúù tó ti inú dáṣíbọ́dù wá, 85 sára bọ́dì. Bí bátìrì yín bá jẹ́ 24, rìlé 24 ni kí ẹ béèrè.

Ibi tó jẹ mí níyà jù ni bọ́dì yẹn. Iná òsì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àtùpà elépo, mo pààrọ̀ gílóòbù ẹ̀ẹ̀mejì lásán. Ìgbà tí mo tú bóòtù tó de wáyà dúdú ni mo rí ọ̀dà lórí ọ̀dà, ìpẹtà sì wà lábẹ́ ẹ̀. Mo ha á títí irin fi ń dán, mo dè é padà, mo fi gírísì bò ó.

Ọmọrí súwíìṣì náà ti já tipẹ́. Igi ni bàbá mi gbẹ́ dípò ẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti jẹ ẹ́ níhà kan. Ìyẹn nìkan ni n ò pààrọ̀.