Git kò mọ èwo nilé: bí mo ṣe ṣètò HOME lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́

Tí mo bá wà ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, Git, irinṣẹ́ tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù tí mo ń kọ, mọ̀ mí bí ẹni mowó. Tí mo bá gbé láptọ́ọ̀pù kan náà délé lálẹ́, tí mo ní kí n fi iṣẹ́ ọjọ́ náà pamọ́, ohun tó máa kọ sójú ni “Please tell me who you are”. Lọ́jọ́ Ajé tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, mo kọ orúkọ àti ímeèlì mi fún un, mo rò pé ó ti tán. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí GitHub, ìkànnì tí à ń kó iṣẹ́ Git sí, ó ní “Permission denied (publickey)”. Kọ́kọ́rọ́, ìyẹn fáìlì tó ń jẹ́rìí fún GitHub pé èmi ni, tí mo fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, kò rí i mọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà. Mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Àbúrò, bi í kó sọ ibi tó ń pè nílé.” Mo ṣí Git Bash, fèrèsé tí à ń tẹ àṣẹ Git sí, mo tẹ echo $HOME kó sọ fódà tó gbà pé ó jẹ́ ilé mi. Ó kọ /c/Users/ àti orúkọ mi. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó kọ /h, ìyẹn dráìfù H: ti ibi iṣẹ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn irinṣẹ́ tí à ń fi àṣẹ títẹ̀ darí ṣe ń ṣe. Fáìlì .gitconfig tí orúkọ èèyàn wà, fódà .ssh tí kọ́kọ́rọ́ wà, .bashrc tí mo kọ àwọn àṣẹ tí mo gé kúrú sí, inú ilé yẹn ni gbogbo wọn ń gbé. Bí Windows ò bá ní ohun tó ń jẹ́ HOME, Git for Windows á so HOMEDRIVE àti HOMEPATH pọ̀, á wò ó bóyá irú fódà bẹ́ẹ̀ wà. Bó bá wà, ibẹ̀ nilé. Bí kò bá sí, á gba USERPROFILE, ìyẹn fódà tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn lórí C:. Ibi iṣẹ́ wa sì ya H: sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí sáfà, òun ni HOMEDRIVE wa ń tọ́ka sí. Ní ọ́fíìsì, H: wà, Git sì gba ibẹ̀ lọ. Nílé, tí mi ò bá tan VPN tó ń so mí mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, H: ò sí, ó ṣí lọ sí C: láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí Git Bash fi máa ń pẹ́ kó tó ṣí ní ọ́fíìsì náà nìyẹn: orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti ń lọ ka .bashrc.

C: ni mo yàn, kì í sì í ṣe nítorí dátà tí VPN á máa jẹ nílé nìkan. Láti Python 3.8, Python kì í wo HOME mọ́ lórí Windows tó bá ń wá ilé, USERPROFILE ló ń wò. Node tó ń ṣiṣẹ́ JavaScript náà ń wo ibẹ̀, ssh (irinṣẹ́ tó ń lo kọ́kọ́rọ́ yẹn) tí Windows fúnra rẹ̀ ní náà ń wo ibẹ̀. Tí HOME bá tọ́ka sí ibòmíràn, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa tẹ̀ lé ọ̀nà tirẹ̀.

Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ àṣẹ tó máa fi HOME pamọ́ sínú Windows:

setx HOME "%USERPROFILE%"

Kò béèrè àṣẹ alákòóso. Ó kọ SUCCESS. Mo tẹ echo %HOME% lójú fèrèsé kan náà, ó kàn kọ %HOME% padà fún mi bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Àyà mi já. Mo pa fèrèsé náà dé, mo ṣí òmíràn, ó sì bọ́ sí i: setx kì í kan fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí. VS Code tí mo fi ń kọ kóòdù náà, mo ní láti pa á dé pátápátá kó tó gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi setx tún PATH, ìyẹn àkójọ àwọn fódà tí Windows ti ń wá irinṣẹ́, ṣe. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ju lẹ́tà 1024 lọ, á gé ìyókù dànù.

Ó ku kíkó ẹrù. .gitconfig ti di méjì, mo fi diff, àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ hàn, wò wọ́n: ti C: kò ní ju orúkọ àti ímeèlì tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé lọ. Mo fi ti H: rọ́pò rẹ̀, mo kó .bashrc náà wá. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ nìkan ni mi ò kó. Ó ti pẹ́ lórí sáfà tí àwọn alákòóso lè ṣí, tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, èmi ò lè pe irú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ mọ́. Mo fi ssh-keygen -t ed25519 ṣe tuntun, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà dè é, mo gbé èyí tó ní .pub, ìyẹn apá tí kì í ṣe ìkọ̀kọ̀, lọ sórí GitHub, mo yọ ti àtijọ́ kúrò níbẹ̀, kí n tó pa á rẹ́ lórí H:. Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé ìlà kan nínú .ssh/config: IdentityFile ṣì ń tọ́ka sí /h/.ssh. Mo yí i sí ~/.ssh/id_ed25519.

Ohun kan tí mo pàdánù ni pé ibi iṣẹ́ máa ń ṣe ẹ̀dà H: pamọ́, wọn kì í ṣe ti C:. Torí náà mo kó .gitconfig àti .bashrc sínú ibi ìpamọ́ Git kan tí ẹlòmíràn ò lè rí. Kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti mú iná lọ, mo fi fóònù pín íntánẹ́ẹ̀tì fún láptọ́ọ̀pù, mi ò tan VPN. Mo tẹ git config --global --list --show-origin. Gbogbo ìlà tó jáde ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú file:C:/Users. Mo tẹ git push, ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà mi, iṣẹ́ sì lọ.