Bẹ́ ẹ ṣe máa fi léésà wá ibi tí gáàsì ti ń jò láti òkèèrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí páìpù gáàsì tàbí níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sí mọ́tò, léésà alágbèéká yìí á jẹ́ kẹ́ ẹ dúró ní bíi 30 mítà kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá páìpù ń jò, láì torí bọ inú gáàsì.

Kì í ṣe gáàsì ló ń dá ìmọ́lẹ̀ léésà padà o, ògiri tó wà lẹ́yìn gáàsì ni. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, tí ìgbì ẹ̀ gùn tó 1653 nanometer, ojú wa ò lè rí i, mẹ́tẹ́ènì, ìyẹn gáàsì tó pọ̀ jù nínú gáàsì páìpù àti CNG, ló máa ń jẹ lára ẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ á wá wo iye tó ṣẹ́ kù. Torí ẹ̀, ògiri, ilẹ̀ tàbí koríko gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ibi tẹ́ ẹ̀ ń wò, tẹ́ ẹ bá na án sójú ọ̀run, kò sóhun tó máa padà wá.

Ẹ kọ́kọ́ na án sí ògiri tí ò sí páìpù nítòsí ẹ̀, kó jìnnà tó ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò gan-an, torí afẹ́fẹ́ lásán ní mẹ́tẹ́ènì bíi 2 ppm (ìdá méjì nínú mílíọ̀nù kan) nínú, láàárín 30 mítà ìyẹn lè tó 60 ppm-mítà (ìyẹn ppm tá a fi iye mítà tí ìmọ́lẹ̀ là kọjá sọ di púpọ̀) láìsí pé nǹkan kan ń jò. Ẹ wá máa gbá a lọ díẹ̀díẹ̀ lójú fáàfù, níbi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀, àti lápá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Tí nọ́ńbà bá ṣàdédé fò sókè, ẹ má sáré lọ síbẹ̀, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn kẹ́ ẹ tún na án, ìtòsí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ló ti ń jò.

Tó bá jẹ́ yàrá tí wọ́n tì pa, ẹ gba ojú gíláàsì fèrèsé na án wọlé, kẹ́ ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí gíláàsì má bàa jù ú padà tààrà. Èyí lèmi fẹ́ràn jù, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú ilé kẹ́nikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.

Àmọ́ 100 ppm-mítà lè jẹ́ 100 ppm nínú mítà kan, ó sì lè jẹ́ 10 ppm tó nà dé mítà mẹ́wàá, léésà yìí ò lè sọ bóyá gáàsì ti tó 5% nínú afẹ́fẹ́, ìyẹn ìwọ̀n tó lè gbiná, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú lẹ máa fi wo ìyẹn.

Gáàsì sílíńdà tá a fi ń dáná ńkọ́? Propane àti butane nìyẹn, léésà mẹ́tẹ́ènì ò mọ̀ ọ́n rárá! Tó bá gbé òdo wá ní kíṣìnì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà á gbọ́, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi pa rẹ́gúlétọ̀ àti họ́òsì ẹ̀, ibi tí fóòmù bá ti ń wú ló ti ń jò.