Bí mo ṣe darí ìtàkùrọ̀sọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àṣà wọn yàtọ̀ síra

Akẹ́kọ̀ọ́ 14 ni mo mú fún ìtàkùrọ̀sọ yìí ní kíláàsì sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá, méje láti apá àṣà kan, méje láti apá kejì, mo sì ya ìṣẹ́jú 90 sọ́tọ̀ fún un. Atọ́kùn jẹ́ méjì, ẹnì kan láti apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú kéré dídọ́gba yìí o. Bí mẹ́ta bá wà láàárín mọ́kànlá, àwọn mẹ́ta yẹn á di agbẹnusọ fún gbogbo èèyàn wọn, agbẹnusọ kì í sì í sọ tinú ara rẹ̀.

Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ti kọ ọ́ ní 1954 pé kíkó èèyàn jọ nìkan kò tó láti dín ẹ̀tanú kù: ipò wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí wọ́n jọ máa lé ohun kan náà, kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Ti ipò ló máa ń ṣòro jù. Ẹni tí èdè kíláàsì yọ̀ mọ́ lẹ́nu á gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo wọn kọ èrò wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, méjì-méjì. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, èkejì kò gbọdọ̀ dá sí i. Tó bá parí, olùgbọ́ á tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí ọlọ́rọ̀ á fi ní, “Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.” Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ká ní ọlọ́rọ̀ sọ pé, “Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń bi mí pé níbo gan-an ni mo ti wá.” Olùgbọ́ ní, “Inú máa ń bí ẹ nìyẹn.” “Rárá o, ó ti sú mi ni.” Ẹni tó bá rò pé inú ń bí ọlọ́rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ pé ó ti sú u á fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí i tó.

“Èmi náà” ló sábà máa ń ba ìpele yìí jẹ́: olùgbọ́ á já ìtàn gbà, á fi tirẹ̀ rọ́pò. “Kí ló dé tí ẹ fi...” náà kò dáa, ẹ̀sùn ló máa ń jọ. “Báwo ló ṣe rí?” ni mo ní kí wọ́n máa lò.

Bí ohùn bá lọ sókè, mi ò kì í tètè pẹ̀tù sí i. Atọ́kùn tó bá yára sọ pé “ọ̀kan náà ni gbogbo wa” ti pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pé jọ. Mo máa ń dá wọn dúró ni, kálukú á fi ìṣẹ́jú kan kọ ohun tó gbọ́, a ó sì padà sí i.

Káàdì ló gba ìṣẹ́jú 15 tó gbẹ̀yìn. Kálukú á kọ èrò ẹnìkejì rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fara mọ́, lọ́nà tí ẹni tó ni ín á fi lè fọwọ́ sí i. Mo sọ ọ́ ketekete pé kò pọn dandan kí wọ́n gbà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a fẹ́ yí òun lérò padà. Káàdì tí ọlọ́rọ̀ kò bá fọwọ́ sí, ẹni tó kọ ọ́ á padà lọ bi í, á sì tún un kọ.